Igbá Ìwọ̀n Ilé Ìwòsàn Wa: Ọ̀rọ̀ Lórí Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ọyàn

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ wa sọ níwájú àwọn ìjòyè àti ará ìlú ní Paouignan. A tẹ̀ ẹ́ síbí bí a ṣe sọ ọ́, nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín fi oko sílẹ̀ kí ẹ tó wá, a sì mọ̀ pé àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la pè yín sí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń bọ̀ ní ìpàdé mìíràn. Ti òní, ọ̀rọ̀ ọyàn ni.

A rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Kò burú. Ọmú ló tọ́ gbogbo wa dàgbà, àti ọba àti ará oko, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Obìnrin kan wà láàrin wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Kò tíì pé ọmọ ọdún 44. Ó ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ bá kókó kan nínú ọyàn òsì, ó le bí ekùrọ́, kò sì dùn ún rárá. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ní wàrà ló dì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tó bí kẹ́yìn ti ń lọ sílé ìwé! Wọ́n fún un ní ìpara, wọ́n ní kó máa lọ. Oṣù mẹ́ta kọjá. Ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ìyẹn náà fún un ní ewé. Oṣù mẹ́rin tún kọjá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e dé Kútọnu, kókó ti di egbò. A dá owó, wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n ta ewúrẹ́. Ẹ̀yin náà wà níbi ìsìnkú rẹ̀.

Ohun tó ká wa lára jù, tó mú wa jókòó láti wádìí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ikú nìkan. Ikú ń pa ènìyàn. Ohun tó ká wa lára ni pé nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò iṣẹ́ ọdún yẹn ní ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ lọ, máàkì wọn dára. Wọ́n gba oríyìn. Obìnrin wa kò sí nínú ìṣirò náà. Kò sí ìlà kankan nínú ìwé wọn tó bi wọ́n pé: obìnrin tó mú kókó ọyàn wá bá yín, ọjọ́ wo ló wá, ibo lẹ rán an lọ, ṣé ó débẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí ìṣirò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé a ní ẹnu níbẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà ti pàdé ní Bàmákò lọ́dún 1987 ni wọ́n ti fẹnu kò pé ará ìlú gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí àkóso ilé ìwòsàn kéékèèké, nítorí pé ará ìlú ló ń sanwó níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní COGECS lónìí ti wá, tí àwọn tí a yàn láàrin wa fi ń jókòó pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Nígbà tó di ọdún 2012, pẹ̀lú owó Bánkì Àgbáyé, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi owó san ẹ̀san iṣẹ́ fún ilé ìwòsàn ní àwọn agbègbè ìlera kan: ẹ gbẹ̀bí, a kà á, ẹ gún ọmọdé ní abẹ́rẹ́, a kà á, a wo bí ilé ṣe mọ́ tó, bí ìwé ṣe pé tó, a fún yín ní máàkì, owó sì tẹ̀ lé máàkì. Bí ètò ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ọgbọ́n kan kò kúrò nílẹ̀: ohun tí a bá ń kà ni òṣìṣẹ́ máa ń ṣe.

A kò sọ èyí láti bú àwọn nọ́ọ̀sì o. Ẹ má gbọ́ ọ lódì. Nọ́ọ̀sì tó dá nìkan wà, tí ogójì ènìyàn tò sílẹ̀ dè é, tí wọ́n sì máa bi í léèrè lórí ibà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lópin oṣù, ibà àti abẹ́rẹ́ ló máa gbájú mọ́. Ìyá ọlọ́jà tó ń ta gàrí mọ̀ ọ́n: igbá tí oníbàárà fi ń wọn ọjà ni ọlọ́jà ń wò kó tó bu gàrí sí i. Igbá tí ìjọba fi ń wọn ilé ìwòsàn, ọyàn kò sí nínú rẹ̀, tàbí tó bá wà, ibi tí kò yẹ ló wà. A ó padà síbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ìṣòro àwa tálákà nìyẹn, pé àwọn òyìnbó ti yanjú tiwọn. Rárá o. Ẹ gbọ́ ti Amẹ́ríkà.

Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ irú àyẹ̀wò tó ṣàǹfààní. Lọ́dún 2002 wọ́n ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 40 láti máa ya àwòrán inú ọyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní màmógíráfì, lọ́dọọdún tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Lọ́dún 2009 wọ́n yí i padà. Wọ́n ní láti 50 sí 74 ni, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, kí ẹni tó wà láàrin 40 sí 49 bá dókítà rẹ̀ jíròrò. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà máa ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò ní nǹkan kan, wọ́n á gún wọn, wọ́n á gé lára wọn, kí wọ́n tó wá rí i pé kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ariwo ta. Àwọn aṣòfin wọn dá sí i, wọ́n ṣe òfin pé kí ilé iṣẹ́ adójútòfò máa sanwó láti 40 bí ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tó wá di oṣù kẹrin ọdún 2024, ìgbìmọ̀ kan náà tún yí i: gbogbo obìnrin láti 40 sí 74, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì.

Ìlànà ti yí. Igbá ìwọ̀n ńkọ́? Ẹgbẹ́ mìíràn, NCQA ni orúkọ wọn, ló ń ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń fún àwọn ilé iṣẹ́ ìlera ní máàkì níbẹ̀. Nígbà tí ìlànà yí lọ́dún 2009, òṣùwọ̀n wọn ṣì ń ka àwọn obìnrin láti 40 sí 69. Ìgbà tó di òṣùwọ̀n ti ọdún 2014 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 50 sí 74. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọdún márùn-ún! Fún ọdún márùn-ún, dókítà tó tẹ̀ lé ìlànà tuntun lè pàdánù máàkì, ẹni tó sì ń tẹ̀ lé ti àtijọ́ lè gba oríyìn. Èyí tó tún wá lọ́dún 2024 yá díẹ̀: òṣùwọ̀n ti ọdún 2025 ti bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn obìnrin láti 40. A fi ọwọ́ sí i pé wọ́n kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n láàrin méjèèjì, obìnrin ẹni ọdún 43 kò sí nínú ìṣirò, bí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sẹ́ni tó kà á, bí wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí àwọn ọmọ wa kan ń gbé, láti 50 títí di ọjọ́ ìbí 71 ni ìjọba ń pe obìnrin, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta. Ẹ rí i pé orílẹ̀-èdè tó lówó méjì, ọjọ́ orí méjì, òǹkà ọdún méjì. Kì í ṣe pé ẹnìkan ń purọ́. Ohun tí olúkúlùkù rí nílé rẹ̀ ló fi ṣòfin.

Ó wá ku àwa. Kí la rí nílé tiwa?

Èkíní, jẹjẹrẹ ọyàn kì í dúró de 50 lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Yorùbá kan wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kàwé ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó dé Chicago, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìdí tí àìsàn yìí fi ń mú àwọn obìnrin dúdú ní kékeré, tí irú tó ń mú wọn sì máa ń le, tí àwọn oògùn kan kì í fi í ràn án. Ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, obìnrin dúdú kò ní àìsàn náà ju obìnrin funfun lọ, síbẹ̀ ikú rẹ̀ ń pa obìnrin dúdú ní nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe ń pa funfun lọ. Èyí wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ wọn wò lọ́dún 2024 tí wọ́n fi dá ọjọ́ orí padà sí 40. Tí àwa bá wá lọ gbé 50 ti ẹlòmíràn kalẹ̀ ní Ìdáàṣà níbí, a ti ti ìyá àwọn ọmọ wa mọ́ta.

Èkejì, a kò ní ẹ̀rọ náà nítòsí. Ká sọ òótọ́. Ọ̀nà Kútọnu sún mọ́ igba kìlómítà, owó mọ́tò wà, oúnjẹ wà, ibi tí a ó sùn wà. Bí ẹnìkan bá wá láti ìlú ńlá tó ní kí a fi iye obìnrin tó ya àwòrán ọyàn wọn ilé ìwòsàn Paouignan, òdo la ó máa gbà títí ayé, òdo náà kò sì ní kọ́ wa ní nǹkan kan.

Níbí ni ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wúlò fún wa. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2021 ni wọ́n dá ètò jẹjẹrẹ ọyàn kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé, nígbà tó di 2023 wọ́n gbé òṣùwọ̀n mẹ́ta jáde, ẹ fi wọ́n sọ́kàn: 60, 60, 80. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí a bá rí àìsàn náà lára wọn, ó kéré tán kí 60 jẹ́ ẹni tí a tètè rí tirẹ̀, kó tó tàn kálẹ̀. Láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ mú kókó wá sí ilé ìwòsàn, kó má ju ọjọ́ 60 lọ kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kí 80 parí rẹ̀. Wọ́n ní tí a bá ṣe é, ikú àwọn obìnrin mílíọ̀nù 2.5 ni a ó dènà títí di 2040. Lọ́dún 2022 nìkan, nǹkan bí 670,000 ló kú nínú ayé.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ẹ̀rọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kàlẹ́ńdà ló wà níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà wà ní Paouignan, àbí kò sí? Ọ̀dọ̀ telọ wà, ọ̀dọ̀ agẹrun wà, èyí tí wọ́n fi ṣe ìrántí ọdún kẹta olóògbé wà lára ògiri gbogbo ilé. Obìnrin wa tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bá ti kọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, tí ẹnìkan sì wo ìwé lẹ́yìn ọjọ́ 60, wọn ì bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Àwọn kan á bi wá pé, láìsí ẹ̀rọ, ta ló máa rí kókó? Ọwọ́ ni. Ní Mumbai nílẹ̀ Íńdíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lọ́dún 1998 pẹ̀lú obìnrin tó lé ní 150,000. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí wọn kì í ṣe dókítà, láti fọwọ́ yẹ ọyàn wò lọ́dún méjì méjì. Lẹ́yìn ogún ọdún, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021, wọ́n rí i pé àìsàn tí wọ́n rí lọ́nà yẹn kì í tíì jìnnà, àti pé láàrin àwọn tó ti lé ní 50, ikú dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Fún àwọn tó kéré sí 50, wọn kò rí i pé ikú dín, a ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Fún ìdí yẹn ni a kò fi sọ fún yín pé kí a kó gbogbo ọmọbìnrin jọ kí a máa yẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá ti rí nǹkan, kó má ṣe ṣáko lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tó tún sún mọ́ ọn: àyẹ̀wò tí obìnrin ń ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé kí ẹ máa tẹ ọyàn yín lóṣooṣù bí ẹni ka tẹ̀sùbáà. Wọ́n dán ìyẹn wò ní Shanghai, obìnrin bí 266,000, èsì jáde ní 2002: ikú kò dín, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ pọ̀ sí i lórí kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìlànà yí padà lórí ìyẹn náà. Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni pé kí obìnrin mọ ara rẹ̀: bí ọyàn rẹ̀ ṣe rí látẹ̀yìnwá, kó sì yára wá tí nǹkan bá yí, kókó, awọ tó sún kì bí èèpo ọsàn, orí ọmú tó wọnú, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde. Kò nílò ọjọ́ kan pàtó. Àwọn kan sì ń kọ́ wa ní ti àtijọ́ títí di òní.

Ó kan ọ̀rọ̀ oṣù kẹwàá. Ẹ má bínú sí wa. Lọ́dọọdún, tó bá di oṣù kẹwàá, a máa ń rí ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, a máa ń rí àwọn àlejò tó wọ fáánẹ́ẹ̀lì kan náà, wọ́n á yẹ ọgọ́rùn-ún obìnrin wò lọ́jọ́ kan, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ “100” sínú ìwé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún yẹn, igbá ìwọ̀n burúkú ni. Nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ mẹ́ta ni wọ́n sọ fún pé kí wọ́n lọ síwájú. Ta ló tẹ̀ lé àwọn mẹ́ta yẹn? Ta ló san owó mọ́tò? Nínú oṣù kejì, tí fáánẹ́ẹ̀lì ti di aṣọ oko, níbo ni wọ́n wà? Àwa, tí wọ́n bá fi mẹ́ta tó dé ọ̀dọ̀ dókítà hàn wá, a ó yọ̀ ju ọgọ́rùn-ún tó wà nínú fọ́tò.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa fọwọ́ sí kò pọ̀, kò sì gba owó púpọ̀. A ti kọ lẹ́tà kan sí agbègbè ìlera Dassa-Zoumè àti Glazoué, ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ mẹ́ẹ̀rì. A ní kí wọ́n fi ìwé kan sí gbogbo ilé ìwòsàn àdúgbò wa, ìwé kékeré, tí wọ́n á kọ obìnrin tó bá mú ẹjọ́ ọyàn wá sí: ọjọ́ tó wá, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí wọ́n rán an lọ, ọjọ́ tí èsì dé. Ọjọ́ orí kankan kò gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni jáde nínú ìwé náà, ẹni ọdún 28 tó rí kókó, kí wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí COGECS bá jókòó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n ka ìwé náà sókè, láìdárúkọ: mélòó ló wá, mélòó ló mọ ohun tó ń ṣe é kí ọjọ́ 60 tó pé. Kí èyí wà lára ohun tí wọ́n fi ń fún ilé ìwòsàn ní máàkì. Àti pé, èyí ni a tẹnu mọ́ jù, kí a máa tún òṣùwọ̀n náà wò lọ́dún méjì méjì. Ìlànà ń yí. Ti Amẹ́ríkà yí lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún 15. A kò fẹ́ kí tiwa náà di ère tí a gbé kalẹ̀ tí a ń bọ, tí a kò mọ ohun tó dúró fún mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan bi wá lẹ́ẹ̀kan pé ṣé a kò fẹ́ fi ìwé mìíràn pa òun ni. Ìbéèrè gidi ni. A dá a lóhùn pé ká yọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí kò sẹ́ni tó ń kà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ mẹ́ta. Ìyẹn náà wà nínú lẹ́tà.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, apá tiyín rèé. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń gbọ́ tiyín ju ti ìjọba lọ. A kò ní kí ẹ lé wọn. Obìnrin máa ń lọ sọ́dọ̀ wọn kó tó lọ síbòmíràn, nítorí wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n sì ní sùúrù. Ẹ bá wa sọ fún wọn pé kókó ọyàn kì í ṣe ohun tí a fi ewé dè fún oṣù mẹ́rin. Kí oníṣègùn tó bá rí i rán an wá sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ó sì tẹ̀ lé e wá tó bá fẹ́, a ó bu ọlá fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn pásítọ̀, àwọn alùfáà àti àwọn àáfà: ẹ gbàdúrà fún un, kẹ́ ẹ sì bi í ọjọ́ tó máa lọ.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ dákun. Obìnrin kan sọ fún wa pé òun mọ̀ pé kókó wà fún oṣù márùn-ún, òun kò sọ nítorí òun bẹ̀rù pé wọ́n á gé ọyàn òun, ọkọ òun á sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tó sọ ọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, “Ìwọ ni mo fẹ́, èmi ò fẹ́ ọyàn.” Ó ń gba ìtọ́jú báyìí. Kò tíì parí, ẹ jẹ́ ká máa rántí rẹ̀.

Owó mọ́tò ló kù. Lẹ́tà kò lè san owó mọ́tò. Ẹgbẹ́ wa ti yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó oṣù, kò tó, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé ènìyàn méjì débi tó yẹ, kí wọ́n sì padà. Àwọn ìyá wa ọlọ́jà ti sọ pé àwọn náà á fi nǹkan sí i lọ́jọ́ ọjà. A ń retí àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu, ní Ìlú Èkó àti lókè òkun.

Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa lábẹ́ igi níbẹ̀ yẹn, ó ti ka á fún àwọn tí kò lè ka Faransé. Ẹni tó mọ̀wé kọ, kó kọ orúkọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, íńkì wà, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́. A ti fi àyè sílẹ̀ lókè fún orí adé àti àwọn baálẹ̀, a ò fẹ́ kí ọwọ́ tiwa ṣáájú ti yín. Lọ́jọ́ Ajé ni àwọn mẹ́ta nínú wa máa mú un lọ sí Ìdáàṣà, ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó pàdé wa létí títì láàárọ̀ kùtù.